Bọ́tìnì aláìlórúkọ lójú òpó ẹgbẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Èmi ni mo kọ ojú òpó fún regbẹ́rẹ́gbẹ́ bàbá mi, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, kí wọ́n lè máa forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n máa san owó ẹgbẹ́, kí wọ́n sì máa yan iye aṣọ àti fìlà tí wọ́n fẹ́ fún Ojúde Ọba. Gbogbo wọn ló yìn ín. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà, tí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé fóònù òun máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún òun, ṣùgbọ́n tí òun bá dé ojú òpó wa, “bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì” nìkan ló ń wí. Ẹnìkan ní kí n ra àlẹ̀mọ́ kan, pé ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni, yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹlòmíràn ní kí n kọ òmíràn lọ́tọ̀ fún àwọn afọ́jú. Owó ọwọ́ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìwọ náà kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé bàbá náà pè ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í pè. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ní kí ọmọ-ọmọ wọn bá wọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì ka nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì wọn sí ọmọdé létí, torí bọ́tìnì kékeré kan tí ẹni tó kọ ọ́ kò rántí fún lórúkọ. Ìpè tó pè ọ́ yẹn, oore ńlá ló ṣe ọ́.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ rè é. O kọ nǹkan tó dára lójú, ẹni tí kì í fi ojú lò ó dé ibẹ̀, ó há, àwọn ènìyàn sì là ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ọ: kí o ra àlẹ̀mọ́, tàbí kí o kọ́ ilé kejì. Mi ò ní bá ọ fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì, màá sì sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ ohun tí bàbá yẹn ń gbọ́ gan-an, torí ibẹ̀ ni gbogbo àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lórí fóònù Android, TalkBack ni wọ́n ń pe ohùn tó ń ka ojú fóònù. Lórí iPhone, VoiceOver ni. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo NVDA, èyí tí Michael Curran, ọkùnrin ará Ọsirélíà kan tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, bẹ̀rẹ̀ ní 2006, kí James Teh, tí òun náà kò ríran, tó wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí di òní. Àwọn ohùn wọ̀nyí kò mọ̀ bóyá bọ́tìnì rẹ rẹwà. Kóòdù ni wọ́n ń kà. Tí wọ́n bá dé orí ohun tí a lè tẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wá nínú kóòdù náà: kí ni orúkọ rẹ̀, irú kí ni, ipò wo ló wà báyìí. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, bàbá yóò gbọ́ nǹkan bíi “Máa fi ìròyìn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi, àpótí ìfàmìsí, a ti fàmì sí i.” Bí orúkọ bá sọnù, “bọ́tìnì” lásán ló kù. Bí irú rẹ̀ bá sọnù, ohùn náà yóò ka ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, bàbá kò sì ní mọ̀ pé ó ṣeé tẹ̀. Bí ipò bá sọnù, yóò tẹ̀ ẹ́ tán, kò ní mọ̀ bóyá ó tàn tàbí ó kú. Àwa tí a kì í jẹ́ kí ọmọ kọjá ọjọ́ kẹjọ láìlórúkọ ni à ń kó bọ́tìnì mẹ́sàn-án sójú òpó láìsọ ẹyọ kan lórúkọ.

Mo mọ bí ó ti ń rí, torí èmi náà ti ṣe é. Mo kọ ojú òpó kan nígbà kan fún àwọn tó ń ta obì ní Ṣágámù, mo sì gbé e lọ fún ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí ojú rẹ̀ ti lọ, kí ó bá mi dán an wò. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ó gbé fóònù sórí itan, ó fi ìka kan gbá ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún. “Obì, àpò kan.” Ó tún gbá a. “Bọ́tìnì.” Ó tún gbá a. “Ẹyọ kan.” Ó tún gbá a. “Bọ́tìnì.” Ó dúró. Ó ní, “Ọmọ mi, nínú bọ́tìnì méjì yìí, èwo ló ń fi kún un, èwo ló ń yọ kúrò?” Mo fẹ́ dáhùn pé ti ọwọ́ ọ̀tún ló ń fi kún un, ni ọ̀rọ̀ náà bá kú sí mi lẹ́nu. Kò sí ọwọ́ ọ̀tún níbẹ̀ fún un. Èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e nìkan ló wà. Ó yan ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíá bí TalkBack ṣe ń fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, ọ̀kan ti di méjì. Létí tirẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ohùn náà kò sọ nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa dé ibi ìsanwó, àpò obì mẹ́rin ló wà nínú agbọ̀n ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan. Ọdún kẹfà mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ọjọ́ yẹn sì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.

Nítorí náà, jẹ́ kí n fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ níbì kan. Bí fóònù bàbá bá ń sọ pé “bọ́tìnì”, ó jọ pé o lo button gidi nínú HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú òpó, kì í ṣe div tí o kùn bí bọ́tìnì. Ìyẹn dára púpọ̀. Button gidi máa ń bá ọ gbé ẹrù tí o kò mọ̀ pé ó ń gbé: kíbọ́ọ̀dù á dé orí rẹ̀ pẹ̀lú Tab, Enter àti ọ̀pá àlàfo á tẹ̀ ẹ́, ohùn á sì pè é ní bọ́tìnì. Div kì í ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Àpótí lásán ni. Bí o bá fi onclick, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá tẹ nǹkan, sí i, ẹni tó ní máòsì tàbí tó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú nìkan lo kọ ọ́ fún. Ohun tó ń kọ mí lóminú ju ohun tí bàbá sọ lọ ni ohun tí kò sọ. Ó ka àwọn bọ́tìnì tó gbọ́ fún ọ. Èyí tó jẹ́ div, kò lè ka ìyẹn, torí kò mọ̀ pé ó ṣeé tẹ̀. Padà sínú kóòdù rẹ, wá gbogbo div àti span tí onclick wà lára rẹ̀, kí o sọ wọ́n di button. Bó bá jẹ́ pé ojú ewé mìíràn ló ń gbé ènìyàn lọ, link ni kó jẹ́. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to role àti tabindex lé div lórí kó lè dà bí bọ́tìnì. Àwọn tó kọ ìlànà ARIA, ìyẹn àwọn àmì tí a ń fi kún kóòdù kí ohùn lè lóye rẹ̀, fúnra wọn ló fi í ṣe òfin àkọ́kọ́ pé bí HTML bá ti ní ohun tí o ń wá, òun ni kí o lò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kù. Ọ̀nà tó dára jù láti sọ bọ́tìnì lórúkọ ni kí o kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn lè rí. “Sanwó.” “Ti fèrèsé yìí.” Àwa oníṣẹ́ ni a fẹ́ràn àmì kékeré jù: igi mẹ́ta fún mẹ́nù, agbọ̀n, gíláàsì ìwòran, ×. Mo ti rí àgbàlagbà tó ríran kedere tí kò mọ ohun tí igi mẹ́ta yẹn dúró fún. Bí àyè bá há gan-an tí o sì gbọ́dọ̀ lo àmì, fi aria-label, orúkọ tí ohùn ń kà tí ojú kò rí, sára button náà, kí o sì fi aria-hidden bo àwòrán inú rẹ̀ kí ohùn má baà kà á. Àmì × yẹn gan-an, bí o bá fi í sílẹ̀ lásán, àwọn ohùn kan máa ń kà á bí àmì ìsọdipúpọ̀ nínú ìṣirò. Bàbá yóò máa rò pé kí ló fẹ́ sọ di púpọ̀. Má kọ “bọ́tìnì” sínú orúkọ náà, torí ohùn á ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀, yóò wá di “bọ́tìnì sanwó, bọ́tìnì”. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wà lójú bọ́tìnì, má fi aria-label sọ nǹkan mìíràn. Àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún fóònù. Ohun tí wọ́n bá kà lójú bọ́tìnì ni wọ́n ń pè. Bí “Sanwó” ló wà lójú rẹ̀ tí o sì fi “Parí ìdókòwò rẹ” sínú kóòdù, wọ́n á pe Sanwó títí, kò ní dáhùn.

Fún aṣọ àti fìlà rẹ, àfikún àti àyọkúrò kò tó. Bí ohun mẹ́rin bá wà lójú ewé kan, bọ́tìnì mẹ́jọ ni bàbá máa gbọ́, mẹ́rin nínú wọn á sì máa jẹ́ “Fi kún un”. Jẹ́ kí orúkọ náà mú ohun tó kàn dání: “Fi fìlà kan kún un”, “Yọ fìlà kan kúrò”. Kí o wá fi iye náà sínú output, tàbí sínú ohun tó ní aria-live="polite", kí ohùn lè sọ “fìlà méjì” ní kété tó bá tẹ̀ ẹ́. Ohun tó sọnù fún ìyá Ṣágámù nìyẹn. Má fi aria-live bo gbogbo ojú ewé o. Á di aláròyé, bàbá á pa á tì.

Súwíìṣì kékeré tó ń yọ̀ láti òsì sí ọ̀tún ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí pẹ́ díẹ̀, torí mo mọ̀ pé yóò wà lójú òpó rẹ, gbogbo wa la máa ń fi í sí i. Lábẹ́ rẹ̀, checkbox ló yẹ kó wà. Ọ̀pọ̀ àwọn àpẹẹrẹ tí à ń dà kọ máa ń fi display:none pa checkbox náà mọ́, wọ́n á wá ya súwíìṣì tó ń dán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi náà dà á kọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ohun tí display:none ń sọ ni pé nǹkan yìí kò sí, fún ẹnikẹ́ni. Kíbọ́ọ̀dù kò ní dé ibẹ̀, ohùn kò ní kà á. Súwíìṣì tí o rí lójú wá di àwòrán ògiri. Fi checkbox náà sílẹ̀ níbẹ̀, sọ opacity rẹ̀ di 0 kí ojú má rí i, kí o tẹ́ ẹ lé orí àwòrán súwíìṣì náà ní ìwọ̀n kan náà, kí label sì so mọ́ ọn. Bí o bá fẹ́ kí ohùn pè é ní súwíìṣì, fi role="switch" kún un. Lẹ́yìn náà, má jẹ́ kí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa nìkan máa sọ ipò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ yín tí àwọ̀ méjèèjì jọ ara wọn lójú wọn, wọ́n sì lè má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni láti kékeré. Kọ “Bẹ́ẹ̀ ni” àti “Rárá” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo ṣàkíyèsí pé afọ́jú nìkan ni gbogbo ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn ń dárúkọ. Ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ tó tóbi jù wà. Glaucoma fúnra rẹ̀ kì í sábà pa ojú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń jẹ wọlé, títí tí yóò fi kù bí ẹni ń yọjú láti inú ihò. Ó ṣeé ṣe kí bàbá ṣì máa rí ibi tó tó owó ẹyọ lójú fóònù. Ó lè máa fi ìka méjì fẹ ojú ewé náà. Wò ó bóyá user-scalable=no wà nínú kóòdù rẹ, yọ ọ́ lónìí, torí òun ló ń dí i lọ́wọ́ láti fẹ̀ ẹ́. Bí àṣìṣe bá wà nínú fọ́ọ̀mù, má kọ ọ́ sókè réré níbi tí ojú rẹ̀ kò dé. Abẹ́ àpótí tó kàn gan-an ni kó wà, kí o fi aria-describedby so wọ́n pọ̀. Ìlà pupa yí àpótí ká nìkan kò sọ nǹkan kan fún un. Nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹnìkan wà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó fẹ́ tẹ àfikún tí ìka rẹ̀ bọ́ sórí àyọkúrò. Ẹnìkan wà tí rọpárọsẹ̀ mú ní apá kan, tí kò lè lo máòsì, tó jẹ́ pé Tab ló ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀. Bí o bá ti kọ outline:none sínú CSS rẹ, kóòdù ìrísí ojú òpó, torí pé ìlà aláwọ̀ búlúù tó máa ń yí ohun tí Tab bá dé ká kò wù ọ́, o ti pa fìtílà mọ́ ẹni yìí lójú. Kò ní mọ ibi tó dé. Bí kò bá wù ọ́, fi òmíràn tó nípọn rọ́pò rẹ̀ lábẹ́ :focus-visible, ṣùgbọ́n má yọ ọ́ kúrò láìfi nǹkan kan dípò.

Ìwọ̀n wà fún àwọn nǹkan wọ̀nyí, kì í ṣe àbá lásán. Àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà fún ojú òpó lágbàáyé, ló ń kọ ìlànà tó ń mú kí gbogbo ènìyàn lè lo ojú òpó, tí wọ́n ń pè ní WCAG, ẹ̀dà 2.2 jáde ní oṣù kẹwàá 2023. Ó ní ohun tí a ń tẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré ju píksẹ́lì 24 ní ìbú àti 24 ní òró, tàbí kí àlàfo yí i ká tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó le jù nínú ìlànà kan náà béèrè fún 44 sí 44, òun sì ni mo máa ń lò fún ẹgbẹ́ àgbàlagbà, mi ò ní kábàámọ̀ rẹ̀ láé. Ọ̀rọ̀ tí kò tóbi gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ 4.5 sí 1. Ìlà àpótí àti àmì inú bọ́tìnì, 3 sí 1. Àwọ̀ eérú #999 tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn láti fi kọ ọ̀rọ̀ sórí funfun kò tó 3 sí 1 pàápàá. Ìyẹn ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ inú àpótí, kí wọ́n wá sọ ìyẹn di orúkọ àpótí náà. Bí bàbá bá ti tẹ lẹ́tà kan, ó ti pòórá. Label gidi ni kó wà lókè àpótí, kó sì dúró síbẹ̀.

Ọjọ́ ìbí wá ńkọ́? Regbẹ́rẹ́gbẹ́ ni tiyín, ọjọ́ orí ló kó yín jọ, mo mọ̀ dájú pé o béèrè rẹ̀. Bí o bá fi kàlẹ́ńdà tó ń là sílẹ̀ síbẹ̀, tó jẹ́ pé ọfà kékeré kan ló ń fi oṣù kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn, ẹni tí wọ́n bí ní 1958 yóò tẹ ọfà náà ju ìgbà 750 lọ kó tó dé ilé. Mo ti rí èyí rí, àwọn àgbàlagbà náà sì yan ọdún tó bá ṣáà ti wà nítòsí, wọ́n fi irọ́ forúkọ sílẹ̀ láìfẹ́. Àpótí mẹ́ta lásán, ọjọ́, oṣù, ọdún, kí ènìyàn tẹ nọ́ńbà sí i. Ó tán.

Ó wá ku àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ní kí o rà. Mo ti gbé e yẹ̀ wò fún oníbàárà méjì, mo sì fẹ́ sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ di ńlá, ó lè yí àwọ̀ padà, ẹni tó ń ríran díẹ̀ lè rí i lò. Ṣùgbọ́n fóònù ẹni náà ti ní gbogbo ìyẹn tẹ́lẹ̀, bí ó ṣe fẹ́ ẹ ló sì ti tò ó sí. Ohun tí àlẹ̀mọ́ kò lè mọ̀ ni ohun tí o ní lọ́kàn nígbà tí o ya bọ́tìnì yẹn. Bí o kò bá kọ ọ́ sínú kóòdù pé fìlà ló ń fi kún, ibo ni ìlà kan láti òkè òkun yóò ti mọ fìlà? Yóò méfò ni. Ní 2025, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ kí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irú rẹ̀ san mílíọ̀nù kan dọ́là, torí ó ń polówó pé ọjà òun lè mú ojú òpó èyíkéyìí bá ìlànà WCAG mu, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Owó yẹn, bí ẹgbẹ́ bá tilẹ̀ ní in, ibòmíràn ló yẹ kó lọ.

Ojú òpó ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú, mo mọ̀ pé inú rere ló ti wá. Kó tó oṣù mẹ́fà, ti àwọn tó ríran á ti ní iye owó tuntun, aṣọ ọdún tuntun, ti èkejì á ṣì máa polówó tàná. Bàbá yẹn kò sì fẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ibi tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ń gbà wọlé ni òun náà fẹ́ gbà. Nípa ọ̀rọ̀ “afọ́jú” fúnra rẹ̀, mi ò ní bá ọ jà lé e lórí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ fẹ́ “ẹni tó ní ìpèníjà ojú”, àwọn kan kò kọ èyí tí o lò. Bi bàbá léèrè èyí tó fẹ́.

Nǹkan kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó kò ní sọ fún ọ, torí kì í ṣe ìṣòro tiwọn. Èdè Yorùbá lo fi kọ ojú òpó rẹ. Fi lang="yo" sí html lókè pátápátá, kí ohùn lè mọ èdè tó fẹ́ kà. Bí fóònù bàbá bá ní ohùn Yorùbá, òun ni yóò mú. Bí kò bá ní i, ohùn òyìnbó ni yóò fi ka “Ìjẹ̀bú-Òde”, kò sí kóòdù tí o lè kọ tí yóò tún ìyẹn ṣe. Ẹnu fóònù ni, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi àmì dọ́là rọ́pò ṣ nínú ọ̀rọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe nínú àtẹ̀jíṣẹ́, tún un ṣe, torí dọ́là ni ohùn yóò kà. Bí o bá kọ owó náírà pẹ̀lú àmì ìdọ́gba ní òsì àti ní ọ̀tún lẹ́tà N, bàbá lè máa gbọ́ “dọ́gba, N, dọ́gba” kó tó gbọ́ iye. Kọ ₦, kí o tẹ́tí sí bí fóònù ṣe kà á, bí kò bá kà á dáadáa, kọ “náírà” gbangba. Kí orúkọ bọ́tìnì sì kúrú. Ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́rin, ènìyàn ṣì lè mọ̀ ọ́n bí ohùn náà bá tilẹ̀ ń ṣì í pè.

O kò béèrè nípa òfin, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ. Nàìjíríà ní òfin tó ka yíyà àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019. Ilé, ọ̀nà àti ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń rántí bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò ní fi í dẹ́rù bà ọ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ohun tí bàbá ń béèrè kì í ṣe àánú.

Níti owó, kò sí ohun kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ tó béèrè ju àkókò rẹ lọ. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni, bí ojú òpó náà kò bá ju ojú ewé mẹ́wàá lọ. Ibi ìsanwó nìkan ni mo ń bẹ̀rù fún ọ, torí kì í ṣe tìrẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó ló kọ ọ́. Bí bàbá bá há síbẹ̀, o lè kọ̀wé sí wọn, o sì lè fi nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè fi owó náà ránṣẹ́ tààrà láti báńkì rẹ̀. Irinṣẹ́ bíi axe àti Lighthouse wà lọ́fẹ̀ẹ́, lò wọ́n, wọ́n á fi bọ́tìnì aláìlórúkọ hàn ọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Wọn kò lè mọ̀ bóyá orúkọ tí o sọ ọ́ jẹ́ òótọ́. Mo ti rí ibi tí bọ́tìnì mẹ́fà ń jẹ́ “icon”, irinṣẹ́ náà sì fún un ní máàkì tó pé. Èmi náà, bí mo ti pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, mo máa ń di ojú, mo máa ń tan TalkBack, mo sì máa ń ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà torí èmi ni mo tò ó. Ìyẹn kì í ṣe ìdánwò gidi.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan kóòdù, pe bàbá náà padà. Lọ bá a nílé. Mú owó dátà rẹ̀ dání, kí o sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ fún un ní nǹkan fún àkókò rẹ̀, torí iṣẹ́ ló fẹ́ bá yín ṣe. Ní kó forúkọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó yan fìlà méjì, kó yọ ọ̀kan. Jókòó tì í, di ọwọ́ rẹ mú, má bá a tẹ nǹkan kan, má sọ fún un pé ó wà lápá ọ̀tún. Kọ gbogbo ibi tí ìka rẹ̀ bá ti dúró sílẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ dá a dúró ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe.